Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mò ń lọ sí Kyoto, mo sì fẹ́ gbọ́ èdè wọn díẹ̀ kí n tó gbéra

Arìnnà_Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin ń kàwé ní Kyoto ní ilẹ̀ Japan, mo sì fẹ́ lọ kí i láti ìparí oṣù Kẹta wọ oṣù Kẹrin. Mi ò fẹ́ lọ ya fọ́tò lásán kí n padà wálé. Mo fẹ́ lè kí èèyàn, kí n ra nǹkan fúnra mi, kí n béèrè ọ̀nà, kí n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ilé àti níta. Mo ṣì ní oṣù díẹ̀ nílẹ̀ tí mo lè fi kọ́ èdè náà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Osaka:
Ẹ kú ìmúra, ẹ̀gbọ́n. Osaka ni mo wà, kò jìnnà sí Kyoto rárá. Rélùwéè tó yára máa ń gbà tó ìdajì wákàtí.

Ẹ kọ́ lẹ́tà wọn, ẹ má fi a-b-d tiwa kọ́ èdè náà. Oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n ń lò pa pọ̀. Hiragana ní lẹ́tà ìpìlẹ̀ 46, katakana náà ní 46, ìró kan náà sì ni méjèèjì ń gbé jáde. Ẹ̀kẹta ni kanji tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá. Èyí tí ìjọba yàn fún ìlò gbogbogbòò nìkan jẹ́ 2,136, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ ná, àyàfi ìwọ̀nba tó máa ń wà lójú pátákó. 出口 ni ọ̀nà àbájáde, 入口 ni ọ̀nà àbáwọlé, 男 ni ọkùnrin, 女 ni obìnrin, 円 ni owó yen. Ẹ mọ 男 àti 女 dájú o, torí àwọn ilé ìwẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà yẹn nìkan ló wà lára aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Ní tèmi, katakana ni kí àlejò fi ṣáájú. Òun ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti òkè òkun, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì kún inú ìwé oúnjẹ àti ara ilé ìtajà: koohii ni kọfí, biiru ni bíà, basu ni bọ́ọ̀sì, toire ni ilé ìyàgbẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti lè kà á sókè, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́. Orúkọ tiyín náà, katakana ni wọ́n máa fi kọ ọ́.

Olùkọ́_Èdè:
Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ dára, ṣùgbọ́n hiragana ni èmi máa ń fi ṣáájú fún àwọn tí mò ń kọ́. Òun ló so gbólóhùn pọ̀. Ìparí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi wa, o, ni, de, òun ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Ẹni tó bá gbájú mọ́ ọn máa mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má kàn máa wò ó lójú fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ìró. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni wọ́n ní, a, i, u, e, o, a sì ní gbogbo rẹ̀. Sílébù wọn máa ń parí sí fáwẹ̀lì bíi tiwa, wọ́n sì ní “n” tó ń dá dúró gẹ́gẹ́ bí èyí tó bẹ̀rẹ̀ “ńlá”. Ohun tó máa ń dí ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ ni “tsu”, “z” àti “ch” tí kò sí lédè wa, àti gígùn ìró. Obasan ni obìnrin tó tó àǹtí ẹni; obaasan ni ìyá àgbà. Ẹ fa “aa” yẹn dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn lẹ pè. Kite túmọ̀ sí “wá”, kitte sì ni sítáǹbù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ní ti èkejì, ẹ dá ohùn dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe “te”.

Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní Tokyo, hashi tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó wá sọ̀ kalẹ̀ ni igi ìjẹun, igi méjì tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ sẹ́nu, èyí tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó wá gòkè ni afárá. Ní Kyoto tí ẹ̀ ń lọ àti ní Osaka, òdìkejì ni. Ẹ má wulẹ̀ kọ́ òfin rẹ̀ sórí. Ẹni tí etí rẹ̀ ń ya ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ láti kékeré máa gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn kíákíá. Ẹ tẹ́tí, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Ní ti gírámà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gbẹ̀yìn. Gohan ni ìrẹsì tí wọ́n ti sè, “gohan o tabemasu” sì ni “mo ń jẹ ìrẹsì”, jíjẹ ló gbẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, ó di tabemashita. Bẹ́ ẹ ò bá ní jẹ, tabemasen. Bí ẹ ṣe máa yí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó kù náà nìyẹn, kì í yàtọ̀ nítorí “èmi” tàbí “àwọn”. NHK World, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Japan, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ Japan Foundation náà gbé ìwé ẹ̀kọ́ kan síta lọ́fẹ̀ẹ́ tòun ti ohùn rẹ̀, Irodori lorúkọ rẹ̀, orí rírajà, oúnjẹ àti ìrìn àjò ló dá lé. Ó tó yín. Ìdánwò èdè Japan tí wọ́n ń pè ní JLPT, tó bẹ̀rẹ̀ láti N5 tó rọrùn jù dé N1, jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín fún ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_London:
Àbúrò mi, gírámà dáa o, ṣùgbọ́n ilé ìtajà kékeré tí wọ́n ń pè ní konbini ni wàá ti sọ̀rọ̀ jù. 7-Eleven, FamilyMart àti Lawson wà káàkiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sántòru. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń bi èèyàn, nítorí náà kọ́ ìdáhùn rẹ̀ nílé. Bó o bá gbọ́ “fukuro”, ọ̀rá ni wọ́n ń sọ. Láti oṣù Keje ọdún 2020 ni wọ́n ti ń ta á, wọn kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Bó o bá gbọ́ “atatamemasu ka”, wọ́n ń bi ọ́ bóyá kí àwọn gbé oúnjẹ rẹ gbóná. Bó o bá fẹ́, “hai, onegaishimasu.” Bí o ò bá fẹ́, “daijoubu desu.” Tíréè kékeré kan wà níwájú ẹni tó ń gbowó, inú rẹ̀ ni kó o kó owó sí, má nà án sí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ATM inú 7-Eleven máa ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè.

Kó o má tíì jẹ onigiri, o ò tíì dé Japan. Ìrẹsì ni wọ́n fi ọwọ́ mọ sí igun mẹ́ta, wọ́n á fi ẹja tàbí nǹkan mìíràn sínú, wọ́n á wá fi ewé òkun gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní nori wé e. Ọ̀rá ló là ewé náà àti ìrẹsì láàárín kó má baà rọ̀. Nọ́ńbà 1, 2, 3 wà lára ọ̀rá ọ̀hún. Di ẹnu 1 mú lókè, fà á wá sísàlẹ̀ títí á fi yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà, fa igun 2 sápá kan, fa igun 3 sápá kejì. Ewé náà á lẹ̀ mọ́ ìrẹsì fúnra rẹ̀, á sì máa dún kàkàkà lẹ́nu rẹ. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya á láti ẹ̀gbẹ́, inú ọ̀rá ni gbogbo ewé á wà. Shake ni ẹja sámọ́ọ̀nù, ó dùn. Umeboshi, èso tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, kan gan-an ni.

Ní ti ilé: gbàrà tó o bá ti wọlé, ibi rírẹlẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, genkan. Ibẹ̀ ni bàtà ń dúró sí. Bọ́ ọ, yí ẹnu rẹ̀ sí ìta, kó o sì gòkè pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n lè fún ọ ní sílípáàsì, ṣùgbọ́n bó o bá dé orí ẹní tatami, bọ́ sílípáàsì náà. Ti ilé ìyàgbẹ́ tún dá wà lọ́tọ̀. Fi sílẹ̀ níbẹ̀ bó o bá ń jáde.

Lọ sí sento, ilé ìwẹ̀ àdúgbò, mo bẹ̀ ọ́. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn wa láti bọ́ra láàárín àlejò, ṣùgbọ́n obìnrin wà lọ́tọ̀, ọkùnrin wà lọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wo ẹnikẹ́ni. Jókòó sórí àpótí kékeré níwájú omi ẹ̀rọ, fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, ṣan ara rẹ títí ọṣẹ á fi tán lára rẹ, kó o tó wọnú omi gbígbóná. Ìmọ́tótó ti parí kó o tó wọ̀ ọ́, ìsinmi ló kù. Aṣọ kankan kì í wọnú omi náà, tówẹ̀lì kékeré ọwọ́ rẹ pàápàá. Bó o bá di irun, kó gbogbo rẹ̀ sókè kó o fi rọ́bà dì í, kó má kan omi. Ẹni tó bá fín ara ní láti kọ́kọ́ béèrè, torí ibòmíràn wà tí wọn kì í gbà á.

Ọmọ_Alfa:
Àlàáfíà fún yín. Bí arìnnà wa bá jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó ní láti kọ́ ọ̀rọ̀ méjì dájú: butaniku, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, àti osake, ọtí. “Butaniku wa haitte imasu ka?” ni a fi ń béèrè bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbà pé kò sí torí pé ẹ ò rí ẹran. Omi ramen tí wọ́n ń pè ní tonkotsu, eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi sè é, wọ́n sì máa ń da mirin, ọtí dídùn kan, sí ọ̀pọ̀ ọbẹ̀. Sushi, ẹja yíyan àti soba lè rọ̀ wá lọ́rùn díẹ̀, síbẹ̀ ẹ béèrè.

Kobe kò jìnnà sí Kyoto, ibẹ̀ sì ni mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ ní gbogbo Japan wà. Ọdún 1935 ni wọ́n ṣí i. Ó la bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì já, ó tún la ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1995 já. Mo kírun níbẹ̀, ara mi sì balẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ halal wà ní àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá dé Tokyo, kó yà sí mọ́ṣáláṣí Tokyo Camii ní Yoyogi-Uehara.

Akẹ́kọ̀ọ́_Osaka:
Lórí ọkọ̀: ẹ gba káàdì ICOCA bẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ rọ owó sínú rẹ̀, ẹ máa fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú rélùwéè, bọ́ọ̀sì, konbini, àti ẹ̀rọ tó ń ta omi ní ẹ̀bá títì. Ẹ má sáré ra JR Pass, tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí àlejò fi ń rìn káàkiri Japan, nítorí pé ẹnì kan ní ó dáa nígbà kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ti ọjọ́ méje kúrò ní 29,650 yen, ó di 50,000. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí Kyoto kó sì máa yọjú sí Osaka, Nara àti Kobe kò nílò rẹ̀.

Wọn kì í ṣe ìpè nínú ọkọ̀. Ẹ fi fóònù sí ìdákẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ rọ ohùn sílẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń bá àbúrò yín sọ Yorùbá. Lórí àtẹ̀gùn oníná, ọwọ́ ọ̀tún la ń dúró sí ní Osaka, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń dúró sí ní Tokyo.

Ẹ tún fi ibùdókọ̀ ṣe kíláàsì yín. Lójú pátákó ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ ibùdó náà ní kanji, ní hiragana, àti ní lẹ́tà tiwa. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ fi ọwọ́ bo lẹ́tà tiwa lójú, ẹ ka hiragana, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ gbà á. Gbogbo ìdúró yín ti di ẹ̀kọ́ nìyẹn, ẹ ò sì náwó kún un.

Arìnnà_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an ni! Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Ìyá ilé kan wà tó ń tọ́jú àbúrò mi, màmá àgbàlagbà, tó ń gbé oúnjẹ fún un nígbà òtútù. Mo fẹ́ lọ kí i nílé. Báwo ni kí n ṣe kí i? Kí ni kí n mú lọ? Mo ti ń gbèrò àti di kílíṣí díẹ̀ dání.

Ìyá_Ìbejì_London:
Kílíṣí kọ́! Wọn kì í gba ẹran wọ ilẹ̀ wọn láìsí ìwé ẹ̀rí ìjọba, ì báà gbẹ, ì báà wà nínú páálí. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ òfurufú. Yẹ oògùn rẹ náà wò: oògùn imú dídí tó ní pseudoephedrine nínú, àti oògùn ikọ́ tó ní codeine, lè kó ọ sí wàhálà ńlá níbẹ̀.

Bí mo bá jẹ́ ìwọ, àdìrẹ ẹlẹ́lùú ni mo máa mú lọ, ojúlówó tí wọ́n rẹ sínú aró. Àwọn náà ní aró tiwọn, ilẹ̀ Tokushima ni òkìkí rẹ̀ wà jù, wọ́n sì ní aṣọ tí wọ́n ń so tí wọ́n ń rẹ bí oníko tiwa. Shibori ni wọ́n ń pè é, Kyoto gan-an sì jẹ́ ọ̀kan nínú ilé rẹ̀. Màmá yẹn máa tẹ́ aṣọ náà sórí itan, á fọwọ́ pa á, á sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Dì í dáadáa, torí bí wọ́n ṣe di ẹ̀bùn ṣe pàtàkì sí wọn.

Olùkọ́_Èdè:
Ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi gbé e fún un, ọwọ́ méjèèjì náà ni kẹ́ ẹ fi gba ohunkóhun tó bá fún yín. Ẹ má retí pé á tú u lójú yín, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò dùn mọ́ ọn.

Bẹ́ ẹ bá wọlé, “ojama shimasu”. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, “itadakimasu”. Bẹ́ ẹ bá jẹun tán, “gochisousama deshita”. Ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀, etí wọn ń retí rẹ̀ bí etí àwọn àgbà wa ṣe ń retí “ẹ kú oúnjẹ”. Ẹ tẹ orí àti àyà síwájú pa pọ̀, kí ẹ̀yìn nà gbọnrangandan. Ìkúnlẹ̀ tiwa lè dẹ́rù bà á, torí lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni èèyàn sábà máa ń fi orí kanlẹ̀ fún.

Ẹ pe orúkọ ìdílé rẹ̀, kẹ́ ẹ fi “san” sí i. Ẹ má fi “san” sí orúkọ tiyín láéláé. “Anata” tí ìwé máa kọ́ yín pé ó jẹ́ “ìwọ”, ẹ má lò ó fún àgbà. Orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tún pè. Kẹ́ ẹ má sì gún igi ìjẹun dúró sínú ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ fi igi ta oúnjẹ látaré sórí igi ẹlòmíràn. Ìrẹsì òkú ni wọ́n ń gún igi sí, eegun òkú tí wọ́n sun ni wọ́n sì ń fi igi gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Onílù:
Ẹ gbọ́, àsìkò yín bọ́ sí i! Ìgbà òdòdó sakura ni. Lọ́pọ̀ ọdún, òdòdó náà máa ń là ní Kyoto láti ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Ẹ lọ sí ọgbà Maruyama pẹ̀lú oúnjẹ konbini, ẹ tẹ́ ẹní ṣíṣeéká, ẹ jókòó sábẹ́ igi. Hanami nìyẹn. Ẹ kó ìdọ̀tí yín padà sílé, torí àpótí ìdọ̀tí ṣọ̀wọ́n ní títì wọn.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, wọ́n máa ń ṣe eré ijó Miyako Odori ní Gion, àdúgbò kan ní Kyoto, jálẹ̀ oṣù náà. Ọdún 1872 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn geiko, obìnrin tó ń fi ijó àti orin ṣiṣẹ́, àti maiko, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ló ń jó, shamisen olókùn mẹ́ta, fèrè àti ìlù sì wà níbẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ má lépa àwọn ọmọbìnrin yẹn pẹ̀lú kámẹ́rà ní òpópónà. Àwọn ará Gion ti fi pátákó sí ẹnu ọ̀nà àwọn òpópónà aládàáni wọn pé ẹni tó bá ya fọ́tò níbẹ̀ máa san 10,000 yen.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dé ojúbọ Fushimi Inari, ẹ lọ ní kùtùkùtù. Níwájú ojúbọ Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, ẹ ju owó ẹyọ sínú àpótí, ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Ní tẹ́ńpìlì Búdà, ẹ má pàtẹ́wọ́.

Ará_Àbújá:
Ẹ má gbàgbé físà. Ilé iṣẹ́ aṣojú Japan wà ní Àbújá, àbúrò yín sì máa ní láti fi ìwé ìpè ránṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun ní “físà àkànṣe”. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, níbi ìpàdé TICAD tí Japan àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ṣe ní Yokohama, JICA, àjọ ìrànlọ́wọ́ ìjọba Japan fún ilẹ̀ òkèèrè, so ìlú Kisarazu pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nínú ètò pàṣípààrọ̀ kan, ni ìròyìn bá gbòde pé ọ̀nà ti là fún wa. Ìjọba Japan sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí físà kankan nínú ètò náà, JICA sì fagi lé e ní oṣù Kẹsàn-án.

Arìnnà_Ìbàdàn:
Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá sọ Japan tán tí wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Osaka:
Ó máa ṣẹlẹ̀, pàápàá ní àárín ìlú tí àlejò pọ̀ sí. Wọ́n fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ máa bá Japan tiyín lọ jẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn á padà sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “sumimasen”, òun la fi ń pe agbóúnjẹ, òun la fi ń tọrọ àforíjì, òun náà la fi ń béèrè ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní “Nihongo jouzu desu ne”, pé ẹ gbọ́ èdè náà dáadáa, “mada mada desu” ni ìdáhùn, pé ó ṣì kù. Ẹ má dákẹ́ síbẹ̀ o. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan lójú ẹsẹ̀: “Osusume wa nan desu ka?”, kí lẹ rí tó dáa kí n jẹ? Ẹ bi ẹni tó ń ta tofu, ẹ bi màmá tó ń gbowó ní sento. Àwọn àgbà tó ń ta ọjà ládùúgbò ló ní sùúrù jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì pọ̀. Bẹ́ ẹ bá yà sí Osaka, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbí, mo máa mú yín lọ sí ọjà Kuromon.